Ìtẹríba Kọ́, Ìbẹ̀rù Ni

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ṣòwò, àti ẹ̀kọ́ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọdé kọ́ kó tó lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2024. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní Emùré, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ wọn wọ inú igbó lọ. Gbogbo Èkìtì ni kò sùn. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìmẹ̀sí-Lásìgídì níbí dé Adó, kò sí mọ́sálásí tí wọn kò ti tọrọ àdúà fún wọn. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni wọ́n gba òmìnira, tí ọkàn wa sì balẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó ń kúrò nílùú tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Ọ̀sán gangan ló ń lọ. Aṣọ tuntun ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ ló sìn ín dé gáréèjì, tó sì ṣàdúà fún un. "Àǹtí" kan tó ní òun ń gbé e lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn ló san owó ọkọ̀. Kò sí ìbọn, kò sí ariwo, kò sì sí oníròyìn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nọ́ńbà fóònù tí àǹtí yẹn fi sílẹ̀ kò lọ mọ́. Ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àgbàtọ́ yàtọ̀ sí òwò

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí a má gba ọmọ tọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá la dàgbà sí. Ànábì wa fúnra rẹ̀, ọmọ òrukàn ni. Bàbá rẹ̀ àgbà, Abdul-Muttalib, ló gbà á tọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Abu Talib. Àgbàtọ́ jẹ́ àánú, ẹ̀san sì wà fún un.

Ibo wá ni àánú parí sí tí òwò bẹ̀rẹ̀? Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Palermo ní Ítálì pè, là á yé wa. Ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹni tó bá wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn, tó gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí tó gbà á sílé kí ó lè máa rẹ́ ẹ jẹ, ó ti fi ọmọ ṣòwò. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ sọ pé òun gbà láti lọ, gbígbà rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Nàìjíríà sọ èyí di òfin ní 2003, ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò náà. Wọ́n tún òfin ọ̀hún ṣe ní 2015 kó lè le sí i.

Tí òfin bá ṣòroó yé, ẹ wo ilé. Wọ́n ní ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, ṣé ó ń lọ? Ó ń ṣiṣẹ́, ta ló ń gba owó rẹ̀? Ó fẹ́ gbóhùn ìyá rẹ̀, ṣé wọ́n ń fún un ní fóònù? Ó fẹ́ padà sílé, ṣé ilẹ̀kùn ṣí? Àwọn àgbà wa mọ ìwà yìí tipẹ́ tí wọ́n fi ní, ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Kí ló dé tí ọmọ kì í fi í sọ?

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Yūsuf láti ilé-kéwú. Àwọn tó kọ́kọ́ dà á kì í ṣe àlejò. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n. Eré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ mú un lọ ṣe. Wọ́n jù ú sínú kànga, àwọn arìnrìn-àjò fà á jáde, wọ́n fi í pamọ́ bí ọjà, wọ́n sì tà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti fà á jáde títí tí ará Íjíbítì fi rà á, Súúrà náà kò sọ gbólóhùn kan fún wa tó ti ẹnu ọmọ náà jáde. Àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lónìí. Ọmọ tí wọ́n tà kì í wá bá ọ pé, "Wọ́n ti tà mí." Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé wọ́n tà àwọn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ó ń ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́, pé bó bá sá, ìyá rẹ̀ ni yóò san gbèsè owó ọkọ̀ àti oúnjẹ tó ti jẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ọlọ́pàá yóò tì í mọ́lé. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe aṣẹ́wó, ìtìjú ti bò ó lẹ́nu.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìbúra ni wọ́n fi dè wọ́n. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ìbíní, Ọba Ewuare Kejì, kó àwọn babaláwo àti olórí ojúbọ jọ sí ààfin rẹ̀, ó gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ sí òkè òkun, ó sì tú gbogbo ìbúra tí wọ́n ti mú àwọn ọmọ náà ṣe. Kí ló lè mú kí ọba dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Nítorí ìbúra náà ń ti ẹnu wọn pa ju àgádágodo lọ. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé Ọlọ́hun nìkan ni a ń fi búra. Ṣùgbọ́n tí o bá kàn sọ fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà pé "kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ẹ̀rù náà kò tíì lọ. Sùúrù ló ń lé e lọ.

Nínú ìtàn Yūsuf kan náà, ẹ̀wù sọ̀rọ̀ nígbà méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ wá pẹ̀lú omijé, síbẹ̀ Ànábì Yaqub kò gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tó di ilé ọ̀gá rẹ̀, tí obìnrin ilé purọ́ mọ́ ọn, ẹlẹ́rìí kan ní kí wọ́n wo ibi tí ẹ̀wù ti ya, bóyá níwájú ni tàbí lẹ́yìn. Kò wo ta ló tóbi, kò wo ta ló ń sunkún jù. Ẹ̀rí ló wò. Iṣẹ́ ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ nìyẹn.

Ọmọ tí gbogbo ènìyàn rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan fún yín. Orúkọ rẹ̀ ni Victoria Climbié. Wọ́n bí i ní Abobo, ní ẹ̀bá Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní ọdún 1991. Ní 1998, obìnrin kan tó jẹ́ ìbátan bàbá rẹ̀ wá, ó ní òun máa mú un lọ kàwé ní Yúróòpù. Àwọn òbí rẹ̀ gbà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe gbà. Fáráńsé ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, wọ́n dé London. Ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ni wọ́n fi mú un wọlé, orúkọ ọmọ yẹn, Anna, ni wọ́n sì ń pè é. Kò wọ ilé-ìwé kankan ní London.

Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ojú ọgbẹ́ tí àwọn dókítà kà lára rẹ̀ jẹ́ 128. Obìnrin náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ yìí kò fara pamọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ọmọdé, àwọn tí à ń pè ní wẹ́fíà níbí, mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan ní kúrúnà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbìmọ̀ tí Lord Laming darí, tó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2003, rí i pé ó kéré tán, ìgbà 12 ni wọ́n ní àǹfààní láti gbà á là. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́ rí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo àkókò tó lò pẹ̀lú ọmọ náà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Bí obìnrin náà bá ti wọlé, Victoria á dìde dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà. Òṣìṣẹ́ náà rí i. Ohun tó rò ni pé bí àwọn ọmọ ìdílé aláwọ̀ dúdú ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi àwọn òbí ọmọ náà léèrè, wọ́n ní àwọn kò fi irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ rí. Ìtẹríba kọ́ ni. Ìbẹ̀rù ni.

Ẹ̀yin ará mi, bí ará London bá ṣi èyí mọ̀, ó lè ní àwáwí pé òun kò mọ àṣà wa. Àwa ńkọ́? Àwa tó ń kọ́ ọmọ ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, àwa ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀ ọmọ tó kúnlẹ̀ nítorí wọ́n tọ́ ọ àti ọmọ tó kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà á.

Ohun tó yẹ kí a kọ́

Nínú ilé-kéwú ọjọ́ Àìkú kan tí mo ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọmọbìnrin kékeré kan máa ń bá àwọn ọmọ ilé kan wá. Òun ló ń ru báàgì wọn. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Bí a bá béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ojú ọmọ ilé tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín pé ó mọ̀wà hù. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yìn ín ni ìyá kan láàárín wa tó ti ṣiṣẹ́ wẹ́fíà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ọmọ tó ní ìtẹríba máa ń ṣeré bí àgbà bá ti yí ẹ̀yìn padà. Èyí kì í ṣeré."

Ìyá náà kò bi í pé ta ló ń lù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, eré ayò ni wọ́n jọ ta. Lọ́jọ́ kejì, ó bi í ní aago mélòó ló ń jí, ibo ló ń sùn sí, kí ló jẹ lánàá. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: "Ìyá, ọjọ́ wo ni ọdún mẹ́ta máa pé?" Wọ́n ti sọ fún un pé ọdún mẹ́ta ni yóò fi ṣiṣẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún. Obìnrin kan tó mú un wá láti ìlú rẹ̀ ló ń gba owó oṣù rẹ̀.

Ìyá wa kò lọ pariwo nílé náà. Ó ní béèyàn bá pariwo, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọn yóò gbé ọmọ náà lọ síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ti ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà lọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí bàbá ọmọ náà, ọmọ náà sì ti wà ní ilé-ìwé báyìí, alhamdulillah.

Ohun tí ìyá yẹn mọ̀, iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ wẹ́fíà gbà, kí nọ́ọ̀sì, tíṣà, ààfáà àti alága gáréèjì náà sì gbà á pẹ̀lú wọn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kò pọ̀ tó láti wà níbi gbogbo.

Èkínní, kí a bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹni tó mú un wá kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀ fún un. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó àti oko iṣu lágbègbè wa ló gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò sì mọ ọ̀gá rẹ̀, ni kí a wá.

Èkejì, kí a bi í ní ohun tó lè dáhùn. "Ṣé wọ́n fi ọ́ ṣòwò?" ju agbára ọmọ lọ. "Ta ló ń tọ́jú owó rẹ? Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ìyá rẹ kẹ́yìn?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè dáhùn ìyẹn. Bí ìtàn rẹ̀ kò bá bára mu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí a má pè é ní òpùrọ́. Wọ́n lè ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá dá wa lójú, kí a ṣe é bí ọmọdé.

Ẹ̀kẹta, kí a má dá a lẹ́bi. Ọmọbìnrin tí wọ́n rí ní ilé aṣẹ́wó, kí a má fi orúkọ ibẹ̀ pè é. Súúrà An-Nūr ṣe é léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe àgbèrè, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé àforíjìn àti àánú Ọlọ́hun wà fún àwọn tí wọ́n fi ipá mú. Bí Ọlọ́hun bá ṣàánú rẹ̀, ta ni èmi àti ìwọ tí a ó fi ojú burúkú wò ó?

Ẹ̀kẹrin, kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́. A kì í ya fọ́tò ọmọ tí a gbà sílẹ̀ sórí Facebook pé "ẹ wo ohun tí a ṣe." Ojú rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà tó fẹ́ lọ́kọ.

Gbígbà sílẹ̀ kọ́ ni òpin

Ní ọdún 2003, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọmọ Benin Republic tó lé ní ọgọ́rùn-ún kúrò ní àwọn ibi ìfọ́kùúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti Zakpota. Àwọn ọmọ tó ń fọ́ òkúta, tó ń kó o sọ́kọ̀, tí owó wọn ń lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2005, Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn láti dá òwò náà dúró. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn oníròyìn tún bá àwọn ọmọdé níbi ìfọ́kùúta kan náà. Kí nìdí? Ebi tó wà nílé nígbà tí wọ́n ń lọ ló ṣì wà nígbà tí wọ́n padà dé.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tó dá ọmọ padà sílé, ó yẹ kó mọ ilé náà. Ta ló fi ọmọ sílẹ̀ níjọ́sí? Gbèsè wo ló wà nílẹ̀? Ilé-ìwé wo ni ọmọ yóò wọ̀, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ta ni yóò tún lọ wò ó lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn ọdún kan? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ sábà máa ń lò ní ilé ààbò NAPTIP, bí wọ́n tilẹ̀ lè fi kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó láti wo ọgbẹ́ ọdún mẹ́ta sàn. Ibi tí ìjọba bá dúró sí ni ó yẹ kí ìjọ ti gbà á. Zakat wa àti sàráà wa níṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù sọ́wọ́ rẹ

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹni tó bá ní òun ní iṣẹ́ fún ọ ní òkè òkun, tí kò jẹ́ kí o sọ fún bàbá rẹ, tó ní òun yóò san gbogbo owó, tó sì fẹ́ di ìwé ìrìnnà rẹ mú, sá fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, NAPTIP kéde pé ó tó 20,000 ọmọbìnrin Nàìjíríà tó wà lóko ẹrú ní Mali. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣèlérí fún ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ìwọ òbí, kí o tó fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, dé ilé tó ń lọ. Mọ àdúgbò, mọ orúkọ ilé-ìwé, mọ nọ́ńbà ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn jù láti lọ wo ilé náà, ó jìn jù láti fi ọmọ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ààfáà wa, mo fi ọ̀wọ̀ sọ èyí. Ọmọ tí wọ́n fi rán yín pé kó wá kọ́ Àlùkùránì, Àlùkùránì ni kó kọ́. Bí ó bá jẹ́ oko ló ń lọ láàárọ̀, tó ń tọrọ báárà lálẹ́, tí wàláà rẹ̀ sì gbẹ, orúkọ kan náà ni òfin yóò pè é, kí á tó wá sọ ti Ọlọ́hun. Ànábì wa sọ fún wa pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò jẹ́ alátakò ènìyàn mẹ́ta kan lọ́jọ́ Alukiyámọ̀. Ọ̀kan ni ẹni tó ta ọmọlúwàbí tó wà lómìnira, tó sì jẹ owó rẹ̀. Òmíràn ni ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó jẹ làágùn rẹ̀, tí kò san owó ọ̀yà rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọmọ ṣòwò ti dá ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Bí o bá rí ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ ọ́ lóminú, pe 627, nọ́ńbà NAPTIP ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Tàbí kí o lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Má lọ jà, má sì dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, wo àyíká rẹ. Wo ọmọ tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ru báàgì ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń yìn pé kì í sọ̀rọ̀. Bi í ní ohun tó jẹ lánàá, kí o sì ní sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọlọ́hun wa, Ìwọ tó yọ Yūsuf nínú kànga, yọ gbogbo ọmọ wa nínú ìdè. Fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní ojú tí yóò ríran àti ọkàn tí kò ní sú. Má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ta ọmọ wa. Āmīn.